Sátíìnì Inú Àpótí Ìyá Mi

Aṣọ tó burú ni aláró ń wọ̀. Ẹni tó bá dàgbà ní àgbàlá aró l'Ábẹ́òkúta bíi tèmi mọ̀ pé n kò parọ́. Èyí tí aró mú dáadáa, tó dú bó ṣe yẹ kó dú, tí wọ́n fi igi lù títí tó fi ń dán, ọjà ló ń lọ. Èyí tí aró kọ̀, tàbí tí ìko tí wọ́n fi dì í tú lára rẹ̀ kó tó dénú ìkòkò, tó wá rí játijàti, òun ni aláró máa fi rán bùbá. Ní gbogbo ìgbà èwe mi, n kò rí i kí ìyá mi wọ aṣọ kan tí kò ní àbùkù. Bó bá ń bọ̀ lọ́nà, àṣìṣe ọ̀sẹ̀ tó kọjá la máa ń rí lára rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún àwọn oníbàárà pé, "Ẹ wò mí dáadáa, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ò gbọdọ̀ rà lọ́wọ́ mi."

Aṣọ kan ṣoṣo ló ní tí aró kò kàn rí. Sátíìnì funfun ni, yáàdì mẹ́jọ gbáko. Bàbá mi ló rà á bọ̀ láti Mẹ́kà, ní àkókò tí àwọn ológun ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ìjọba lé àwọn olóṣèlú lọ́wọ́. Bàbá mi kì í ṣe ẹni tó máa ń ra nǹkan fún ìyàwó. Ìṣó àti àgádágodo ló ń tà ní ọjà Ṣàpọ́n, ohun tí kò bá sì lè mú ilẹ̀kùn dúró, kò gbà pé ó wúlò fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó wá tú ẹrù rẹ̀, tó fa aṣọ náà yọ láàárín tẹ̀sùbáà àti kẹ́ẹ̀gì omi mímọ́, tó nà án sí ìyá mi, ìyá mi kò gbà á. Ó kọ́kọ́ lọ fọ ọwọ́. Nígbà tó dé, ó na apá méjèèjì síwájú, ó ní kó gbé e lé òun lápá, kó má gbé e lé òun lọ́wọ́.

Bí ẹ bá mọ ọwọ́ ìyá mi, ẹ ó mọ ìdí rẹ̀. Eérú ti jẹ ẹ́ láti kékeré, ẹ̀lú ti jẹ ẹ́, sódà tó dé lẹ́yìn wọn wá jẹ èyí tó kù. Èékánná rẹ̀ dúdú bí ẹni tó fi wọ́n ha ìdí ìkòkò. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le, awọ orí ìka rẹ̀ sì ti là wẹ́wẹ́, tó fi jẹ́ pé bó bá ń di irun mi ní kékeré, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó má fọwọ́ kan etí mi. Bí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ bá kan sátíìnì, awọ tó là yẹn máa kọ́ òwú rẹ̀, á sì fà á. Mo rí i lẹ́ẹ̀kan tó gbàgbé, tó fi ìka ra igun aṣọ náà. Ó fa òwú kan jáde tó gùn tó ìka ọwọ́ mi, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ di alẹ́. Láti ìgbà náà, ẹ̀yìn ọwọ́ ló fi ń kàn án, bí a ṣe máa ń fẹ̀yìn ọwọ́ wo iwájú orí ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná.

Bàbá mi kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ìyá mi ṣe opó rẹ̀ bó ṣe yẹ, ó pé oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, ó padà sídìí ìkòkò. Aró ló fi rán mi lọ sílé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń lọ, ó máa ń sọ gbólóhùn kan náà lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ọjọ́ tí o bá gba ìwé ẹ̀rí tíṣà, ọjọ́ yẹn ni mo máa wọ sátíìnì bàbá rẹ." N kò rò pé ó mọ̀ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń wúwo lé mi lórí. Tàbí ó mọ̀. Ẹlẹ́ran ara kan tó ti ń wọ àṣìṣe fún ogún ọdún fẹ́ wọ aṣọ gidi ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ọwọ́ mi sì ni ọjọ́ náà wà.

Nílé-ẹ̀kọ́ ni mo ti ní ọ̀rẹ́ kan, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, tí ìyá rẹ̀ ń rán aṣọ ìyàwó. Mo máa ń bá a lọ sílé wọn lópin ọ̀sẹ̀. Ilé yẹn ni mo ti mọ ohun tí à ń pè ní sátíìnì, nítorí nílé wa, wíwò la máa ń wò ó. Ìyá ọ̀rẹ́ mi ló sọ fún mi pé sátíìnì kì í ṣe orúkọ òwú, orúkọ bí wọ́n ṣe hun òwú ni. Wọ́n lè fi sílíìkì hun ún, wọ́n lè fi òwú oko hun ún, wọ́n sì lè fi òwú tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe hun ún, èyí tó pọ̀ jù lọ́jà nígbà náà. Ohun tó ń mú un dán ni pé òwú kan máa ń gun orí òwú mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ojú rẹ̀ tẹ́, ìmọ́lẹ̀ kì í rí ibi kọsẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ kì í dán ní tirẹ̀. Ìyá náà ní ohun tó mú un lẹ́wà yẹn náà ló mú un ṣe ẹlẹgẹ́, torí òwú tó gùn lórí aṣọ, ohunkóhun lè kọ́ ọ.

Mo gbádùn kí n máa wo obìnrin yẹn bó ṣe ń bá sátíìnì jà. Aṣọ tó ń yọ̀ lọ lórí tábìlì bí ẹja ni. Ó máa ń fi bébà sábẹ́ rẹ̀ kó tó gé e. Gbogbo ègé ló gbọ́dọ̀ dojú kọ ọ̀nà kan náà, nítorí bí ọ̀kan bá dorí kodò, oòrùn máa tú àṣírí níwájú pẹpẹ. Kì í fi abẹ́rẹ́ dán an wò, nítorí ihò abẹ́rẹ́ kì í dí lára rẹ̀. Bó bá ṣì í rán, tó tú u, ojú àṣìṣe náà wà níbẹ̀ títí ayé. Omi kán sí i lásán, ó ti fi àmì sílẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ohun tí wọn kì í fi í ṣe: gáwùn ìyàwó, aṣọ ìrìbọmi ọmọ, inú fìlà àti inú kóòtù, ìrọ̀rí ìyá arúgbó kan tí kò fẹ́ kí irun òun máa já. Àwọn káfíńtà pàápàá máa ń wá ra funfun fún inú pósí. Ó máa ń rẹ́rìn-ín pé aṣọ kan náà ló ń mú èèyàn wọlé ọkọ, òun náà ló sì ń sìn ín dé ibojì.

Ọ̀rẹ́ mi yìí bi mí ní ọjọ́ kan pé ṣé àwọn aláró náà máa ń ní sátíìnì. Kò bi mí pẹ̀lú ìkà. Ó kàn bi mí bí ẹni tó mọ ìdáhùn tẹ́lẹ̀ ni, ìyẹn ló dùn mí. Mo ní, "A ní. Yáàdì mẹ́jọ. Láti Mẹ́kà." Ó ní irọ́ ni mò ń pa. Mo ní kó wá wò ó.

Ìsinmi ló dé. Ìyá mi fẹ́ lọ síbi ìkómọ ìbátan wa kan ní Ọ̀fàdà. Ó jí ní ìdájí, ó ṣí àpótí, ó mú gèlè, ó sì sọ fún mi pé ìdì mẹ́rin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, aṣọ òwú funfun tí òun ti fi ìko dì lálẹ́ àná, kí n rì wọ́n sínú aró bí oòrùn bá ti yọ. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì ní ọdún yẹn. Oṣù tó ṣáájú, ó ti rẹ aṣọ oníbàárà kan lẹ́ẹ̀mẹfà dípò mẹ́ta nítorí kò rí bó ṣe dú tó, obìnrin náà sì pariwo gan-an. Ìyá mi kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nípa ojú náà, ṣùgbọ́n mo máa ń rí i tó ń gbé aṣọ lọ sábẹ́ oòrùn, tó ń gbé e súnmọ́ imú. Ẹ̀rù ń bà á. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn wà lọ́kàn yín.

Ọ̀rẹ́ mi dé kí oòrùn tó kan àtàrí. Mo ṣí àpótí, òórùn kàfúrà bò wá mọ́lẹ̀. Mo gbé sátíìnì jáde, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé ó gbà fún mi. Ó yẹ kí n ti dá a padà nígbà náà. Ṣùgbọ́n inú mi ń dùn, mo ní kó jẹ́ kí n fi ṣe ìyàwó fún un. Mo ta á lé e léjìká, mo tẹ́ ìyókù sẹ́yìn rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé wọn, òun sì ń wo ara rẹ̀ nínú dígí. Mo ti ra mínírà olómi ọsàn fún un, ìgò náà sì wà nílẹ̀. Bí mo ṣe ń fẹ̀yìn rìn kí n lè wo ẹwà iṣẹ́ ọwọ́ mi, ẹsẹ̀ mi gbá ìgò náà.

Kò pọ̀. Bíi fífẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ méjì péré ló dà sí sátíìnì náà. Ọ̀rẹ́ mi bọ́ aṣọ náà kalẹ̀ bí ohun tó ń jó o, ó ní, "Má fi omi kàn án o, màá lọ bi màmá mi," ó sì lọ. N kò lè dúró de ìyá rẹ̀. Mo fi omi kàn án. Ọsàn náà ṣí díẹ̀, ṣùgbọ́n òrùka ńlá kan yọ yí i ká, tó fẹ̀ tó àwo oúnjẹ. Mo tún fi omi sí i kí n lè pa òrùka náà, òrùka mìíràn yọ lẹ́yìn rẹ̀.

Ibi tí mo dé yìí, ọmọ ẹlòmíràn ì bá sunkún, kó sì dúró gba ìyà. Ọmọ aláró ni èmi. Ọ̀rọ̀ kan wà nílé wa tí mo ti ń gbọ́ láti ìgbà tí mo wà lẹ́yìn ìyá mi: kò sí àbààwọ́n tí aró kò bò. Aṣọ tí epo ta sí, aró ni. Aṣọ tí ìpẹtà bà jẹ́, aró ni. Mo wò ó pé bí mo bá dì í dáadáa ní àrà olóṣùpá, kí òrùka náà bọ́ sí àárín òṣùpá, tí mo sì rẹ ẹ́ kó dú, yóò rẹwà ju bó ṣe wà lọ. Mo tilẹ̀ rò pé ìyá mi máa yọ̀. Òmùgọ̀ ni mí, ṣùgbọ́n òmùgọ̀ tó mọ iṣẹ́ ni mí. Mo dì í, mo rì í sínú ìkòkò pẹ̀lú ìdì mẹ́rin yẹn tí n kò tíì fọwọ́ kàn láti àárọ̀.

Bí aṣọ òwú bá jáde nínú aró, àwọ̀ ewé ló máa kọ́kọ́ ní, afẹ́fẹ́ á wá sọ ọ́ di aró lójú wa. Àwọn mẹ́rin yẹn ṣe bẹ́ẹ̀. Sátíìnì kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jáde pẹ̀lú àwọ̀ kan tí n kò ní orúkọ fún, ó dàbí eérú tí òjò pa. Ibì kan mu aró, ibì kan kò mu rárá. Mo rì í padà. Mo tún rì í padà. Nígbà tí mo tú ìko tí mo sì nà án lábẹ́ oòrùn, mo rí i pé dídán rẹ̀ ti kú. Sódà inú aró ti jẹ ojú rẹ̀. Ó ti le, ó ti hunjọ, ó ń dún bí ewé gbígbẹ, òrùka ọsàn náà sì wà láàárín òṣùpá ńlá, ó ń wò mí.

Ìyá mi dé ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ìrẹsì Ọ̀fàdà lórí. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ewu ọ̀nà, Màámi." Ó sọ ẹrù, ó béèrè aṣọ mẹ́rin. Kí n tó dáhùn, ó ti rí èyí tó ṣìkarùn-ún lórí okùn. Ó rìn lọ bá a. Ó gbé e súnmọ́ imú. Ó dúró síbẹ̀ títí tí mo fi rò pé kò mọ ohun tó ń wò.

Ó ní, "Kí nìyí?"

N kò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ sọ kó tó jáde lẹ́nu mi. Ọlọ́run ló mọ̀ pé n kò gbèrò rẹ̀. Mo ní, "Ìdì márùn-ún ni mo bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, Màámi. Kì í ṣe mẹ́rin. Ó jọ pé nígbà tí ẹ ṣí àpótí lálẹ́ àná, ẹ kó o mọ́ àwọn aṣọ funfun yòókù, ẹ dì í."

Ó yíjú sí mi. "Èmi?"

"Ẹ̀yin ni, Màámi. Ilẹ̀ ti ṣú nígbà náà."

"Èmi ni mo dì í?"

"Ẹ̀yin lẹ dì í."

Ó fọwọ́ ra aṣọ náà. Nígbà yìí, kò fi ẹ̀yìn ọwọ́ ra á mọ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó dáa," ó sì lọ sí kànga lọ ṣe àlùwàlá.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní òwe yìí fún ọdún púpọ̀, n kò sì lè kọ ọ́ sójú pátákó kí n má rántí ọjọ́ yẹn. Mo lérò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Mo tilẹ̀ ń dúpẹ́ pé mo bọ́. Ọjọ́ kejì, ìyá mi kò lọ sídìí ìkòkò. Ọjọ́ kẹta, kò lọ. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Àwọn aládùúgbò tó ń gba àgbàlá wa kọjá, tí wọ́n máa ń kí i pé, "Àrẹdú o," bí wọ́n ṣe ń kí aláró, ìyá mi kò mọ bí yóò ṣe dá wọn lóhùn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún wọn fúnra rẹ̀ pé òun ri sátíìnì ọkọ òun sínú aró, pé ojú òun ti lọ, kí ẹni tó bá ní aṣọ lọ́dọ̀ òun wá kó o. Ó ní aláró tí kò bá lè mọ sátíìnì yàtọ̀ sí òwú, kò ní ohun tó ń fi aṣọ ẹlòmíràn ṣe.

Wọ́n wá kó wọn. Aṣọ kan lónìí, méjì lọ́la. Mo wà nínú yàrá, mò ń ka ìwé ìdánwò, mo ń gbọ́ bó ṣe ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn. Ojú ń tì mí dé ibi pé n kò lè jẹun. Lójoojúmọ́ ni mò ń sọ pé màá sọ fún un lọ́la. Lọ́la, mo tún ń sọ pé ó ti pẹ́ jù, pé bí mo bá sọ ọ́ báyìí, á burú ju kí n ti sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan, ó ta ìkòkò aró. Obìnrin kan tó ń paró ní òdìkejì ìlú ló rà wọ́n, mẹ́ta. Èyí tó tóbi jù nínú wọn, ìyá ìyá mi ló ni ín. Ọkùnrin mẹ́rin ló wá gbé e. Ìyá mi jókòó sórí àpótí ìjókòó lẹ́nu ọ̀nà. Ó pè mí láti inú yàrá. Mo jáde. Kò ní kí n ṣe nǹkankan. Ó kàn gbójú sókè, ó ń wo ojú mi, ó pẹ́. Mo ní lọ́kàn mi pé kò sí ohun tó lè rí nínú rẹ̀. Àwọn ọkùnrin náà ti gbé ìkòkò dé èjìká, ọ̀kan nínú wọn sì fẹsẹ̀ kọ. Mo pariwo sí wọn pé, "Ẹ rọra o, ẹ má fọ́ ọ."

Wọ́n rọra. Wọ́n gbé e lọ láìfọ́ ọ.

Ìrẹsì Ọ̀fàdà ni ìyá mi wá ń tà lẹ́yìn náà, ó ń wọ̀n ọ́n ní kóńgò ní Ṣàpọ́n. Kò lè rí òkúta inú rẹ̀, ó ń fọwọ́ ṣà á ni. Àwọn èèyàn ní ìrẹsì rẹ̀ mọ́ ju ti àwọn tí ojú wọn ń ríran lọ. Òun ló fi parí owó iléèwé mi. Díẹ̀díẹ̀, aró kúrò ní èékánná rẹ̀.

Ọjọ́ tí mo gba ìwé ẹ̀rí, a jókòó nínú gbọ̀ngàn, àwọn òbí ń wọlé. Mo ti sọ fún ara mi pé àǹkárá rẹ̀ kan ló máa wọ̀. Nígbà tó yọ lẹ́nu ọ̀nà, tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wá láti ìdálẹ̀ mú un lọ́wọ́, sátíìnì náà ni mo rí. Ó ti fi rán ìró àti bùbá. Gbogbo rẹ̀ ló wọ̀: eérú tí òjò pa, ibi tó mu aró àti ibi tí kò mu, òṣùpá ńlá náà sì wà ní àyà rẹ̀ gan-an. Ó jókòó láàárín léèsì àti dámáàsìkì àwọn ìyá ẹlẹgbẹ́ mi, ara rẹ̀ balẹ̀. Mo rìn lọ gba ìwé mi bí ẹni tó gbé òkúta lórí. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí mo kúnlẹ̀, ó ní, "Mo ní ọjọ́ yìí ni mo máa wọ̀ ọ́, àbí n kò sọ bẹ́ẹ̀?"

Mo ní ó sọ bẹ́ẹ̀. Mo dìde, mo bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ya fọ́tò. Ọ̀rẹ́ mi ọmọ aránṣọ wà níbẹ̀, ó wo aṣọ náà, ó wò mí, ó sì gbójú kúrò. Òun nìkan ló mọ̀. Kò bi mí, n kò sì bá a sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà, bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀ mí.

Wọ́n gbé mi lọ kọ́ni ní Ọ̀dẹ̀dá. Ọdún ń gorí ọdún, nǹkan ń wọ́n, owó oṣù ń pẹ́ kó tó dé, ṣùgbọ́n mo ti pinnu ohun tí mo fẹ́ rà. Ní ọdún iléyá kan, ní òpin àwọn ọdún 1980, mo ra sátíìnì funfun, yáàdì mẹ́jọ, mo sì gbé e lọ bá ìyá mi. N kò ní èrò àtisọ ohunkóhun. Mo rò pé aṣọ náà máa sọ ọ́ fún mi. Ìyẹn náà jẹ́ ọ̀nà kan tí ojo fi ń tọrọ àforíjì.

Orí ẹní ló jókòó sí, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń din ẹran lẹ́yìnkùlé. Ojú rẹ̀ ti lọ pátápátá ní àsìkò yìí. N kò sọ ohun tó jẹ́ fún un. Mo gbé e lé e lọ́wọ́ méjèèjì. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra á lọ, ó ra á bọ̀.

Ó ní, "Sátíìnì ni."

Mo ní, "Ẹ ti ṣe mọ̀, Màámi?"

"Ojú kọ́ ni wọ́n fi ń mọ sátíìnì." Ó tún fọwọ́ ra á. "Wò ó, kò fà mọ́. Ìrẹsì ti pa ọwọ́ mi dà. Nígbà tí mò ń paró, n kò lè fọwọ́ kan aṣọ yìí kó má kọ́ mi lọ́wọ́. Bí mo tilẹ̀ fọ́jú nígbà náà, n kò lè dì í mọ́ òwú. Ọwọ́ mi ì bá sọ fún mi."

Ariwo ọdún wà níta, àwọn ọmọdé ń lé ara wọn kiri. N kò gbọ́ ọ mọ́. Mo ní, "Màámi." Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, mo fi orí kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ń sunkún, mò ń sọ gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìgò mínírà, òrùka, ìdì márùn-ún. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ń ká sátíìnì náà lórí itan rẹ̀, ní ìlọ́po-ìlọ́po, bó ṣe máa ń ká a sínú àpótí.

Ó ní, "Mo ti mọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọmọ mi ni ọ́. Mo ní kí n fún ọ láyè, pé wàá sọ ọ́. Mo fi aró sílẹ̀, o kò sọ ọ́. Mo ní ẹni tó máa gbé ìkòkò ń bọ̀, o kò sọ ọ́. Ìkòkò yẹn, ìyá mi ló fún mi, ìwọ ni mo fẹ́ fún. Mo pè ọ́ jáde ní ọjọ́ tí wọ́n ń gbé e lọ. Mo ní bóyá wàá ní kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

Ó fi aṣọ náà lé mi lọ́wọ́.

"Ìwọ wá ní kí wọ́n rọra, kí wọ́n má fọ́ ọ."